Àpótí Ìjókòó Ẹnu Géètì

Kí n tó kí ẹnikẹ́ni, ẹ jẹ́ kí n dá ohun olóhun padà. Bàtà òjò iléeṣẹ́ rèé, mo ti fọ̀ ọ́. Kọ́kọ́rọ́ géètì rèé. Àpótí ìjókòó tí ẹ fi bébà dídán wé, tí ẹ gbé fún mi lẹ́ẹ̀kan pé ẹ̀bùn ìfẹ̀yìntì ni, òun náà rèé. Ti ẹnu géètì ni. N ò gbé e lọ.

Ó yá, ẹ kú ìjókòó. Alága wa, mo kí yín. Ọ̀gá wa tuntun, mo kí yín. Ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin àlejò, ẹ kú àbọ̀. Ẹ̀yin awakọ̀ tẹ́ ẹ sá pamọ́ sẹ́yìn, mo rí yín. Ẹ̀yin èèyàn mi tí ẹ ń ṣa pàǹtírí, ẹ kú iṣẹ́.

Ìwé mẹ́fà ni mo kà. Ibi tí mo ti kẹ́kọ̀ọ́ tó kù, ẹ̀ ń gbóòórùn rẹ̀ látibí.

Nígbà tí mo dé, awakọ̀ á da ẹrù iléeṣẹ́ ńláńlá sáàárín pàǹtírí ilé, á sá lọ. Ọwọ́ ẹ̀gbọ́n mi, Ìyá Ìgò, la fi mọ̀ pé ásíìdì wà níbẹ̀. Ni mo bá gbé àpótí sẹ́nu géètì: awakọ̀ á jókòó ti ẹrù rẹ̀ títí a ó fi tú u tán.

Ọ̀kan ní, "Ìyá Géètì, ìdí ń ro mí." Mo ní, "Ìdí ríro sàn ju ọwọ́ bíbó lọ." Òmíràn rí i pé a fẹ́ ṣí àgbá búlúù, ó dìde: "Mò ń bọ̀, mo fẹ́ tọ̀." Ó ṣì ń tọ̀ dòní.

Àpótí yìí ló jẹ́ káwọn àgbẹ̀ máa gba ajílẹ̀ tí à ń fi pàǹtírí ṣe láìfòyà. Ìyá Ìgò, ọwọ́ kan lẹ fi ń ṣà, ẹ sì yá ju àwa ọlọ́wọ́ méjì lọ. Mo júbà.

Ọ̀gá wa tuntun ní àpótí ń dá ọkọ̀ dúró. Òótọ́ ni. Ohun tí a gbé e síbẹ̀ fún nìyẹn. Wọ́n wá fi ta mí lọ́rẹ. Ta ló ń yọ ilẹ̀kùn ilé rẹ̀ fún àlejò pé kó máa gbé e lọ?

Ẹ̀yin èèyàn mi, ohun tí ẹ̀ ń ṣà kò ní ṣá yín lọ́wọ́. Ẹ ó fọwọ́ méjèèjì gbé ọmọ ọmọ. Ẹ ṣé, ẹ ṣeun o.

Ọ̀gá mi, àpótí wà lẹ́sẹ̀ yín. Ṣé yóò padà sẹ́nu géètì, àbí kò ní padà? Ọmọ mi obìnrin ń bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ṣíṣà lọ́jọ́ Ajé. Mò ń retí èsì lỌ́jọ́bọ̀, kó tó bẹ̀rẹ̀.