Eegun Kẹtàlá Inú Iyanrìn

Alága wa, ọ̀gá ilé ìwé, ẹ̀yin àgbà tó pa iṣẹ́ tì nítorí mi, ẹ̀yin òbí, ẹ̀yin olùkọ́ tí a jọ jẹ eruku ṣọ́ọ̀kì, àti ẹ̀yin ọmọ kíláàsì mi tí ẹ ń tara yín nígbọ̀nwọ́ lẹ́yìn níbẹ̀ yẹn, mo kí yín tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Ẹ̀yin èèyàn mi, ọ̀rọ̀ ìfẹ̀yìntì tí mo kọ sílẹ̀ fún òní wà nínú báàgì mi, mi ò lè kà á mọ́. Láti Túsìdeè tó kọjá ni mo ti lanu, ẹnu ọ̀hún ò tíì padé.

Ẹ mọ iṣẹ́ mi. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo fi kọ́ àwọn ọmọ nípa dáínósọ̀, àwọn ẹranko ràbàtà ayé àtijọ́ tí eegun wọn ti di òkúta. Mi ò fi ẹnu lásán kọ́ wọn. Màá se eegun adìyẹ, màá sá a gbẹ, màá fi símẹ́ńtì funfun bò ó, màá rì í sínú àpótí iyanrìn, àwọn ọmọ á wá fi ṣíbí àti búrọ́ọ̀ṣì wú u jáde. Akọ̀wé wa ló ń bá mi kó eegun jọ nílé ẹ̀. Òun náà ló sọ mí ní Ìyá Eegun, Ọlọ́run á san án fún un! Méjìlá ni mo máa ń rì. Kò gbọdọ̀ lé, kò gbọdọ̀ dín.

Ní ogún ọdún sẹ́yìn, ọmọbìnrin kan gbé ìkẹtàlá wá, òkúta pẹlẹbẹ kan. Ó ní, "Tíṣà, ẹja wà lára ẹ̀." Mo ní ilé ló ti gbé e wá, kó lè gba ipò kìíní. Mo pè é lópùrọ́ lójú ọmọ méjìdínlógójì, mo ní kó lọ kojú sógiri. Ó ń sunkún, ó ń wí pé, "Inú iyanrìn ni, Mà." Mo ju òkúta náà sínú dúrọ́ọ̀ tábìlì mi.

Ní Túsìdeè, mo ń palẹ̀ ẹrù mi mọ́, mo kó ohun inú dúrọ́ọ̀ náà sórí tábìlì. Ọ̀jọ̀gbọ́n kan tó mọ̀ nípa òkúta wá kí àwọn ọmọ, ó rí òkúta náà níbẹ̀. Ó ní, "Mà, níbo lẹ ti rí èyí? Ẹja gidi ni, ó ti di òkúta kí èèyàn kankan tó dé ayé." Háà! Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ṣebí iyanrìn odò ni tíípà ń já fún wa? Kí ló dé tí mi ò rò ó? Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fógún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ á bá a. Mi ò mọ̀ pé irọ́ tèmi ni wọ́n ń wí.

Mo wá ọmọ náà kàn. Ó ti di ìyá ọlọ́mọ, aṣọ ló ń rán. Mo gbé òkúta náà lé e lọ́wọ́, mo rò pé yóò yọ̀. Ó ní, "Mà, láti ọjọ́ yẹn, bí mo bá rí nǹkan, mi ò kì í sọ fún ẹnikẹ́ni mọ́."

Ẹ̀yin èèyàn mi, èmi tó ń kọ́ ọmọ láti wá nǹkan rí! Ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ, tàgbà ò wọ kèrègbè. Mo ń wí i lójoojúmọ́, mi ò gbà á gbọ́.

Ọmọ mi, ìwọ tí mo bẹ̀ pé kí o wá lónìí, tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Ojú ọ̀pọ̀ èèyàn ni mo ti pè ọ́ lópùrọ́, ojú ọ̀pọ̀ èèyàn náà ni màá ti kúnlẹ̀. Alága, ẹ má dá mi dúró. Òótọ́ lo sọ. Èmi ni mo purọ́ mọ́ ọ. Jọ̀ọ́, dárí jì mí.

Kí Ọlọ́run má jẹ́ kí ọmọ yín bọ́ sọ́wọ́ olùkọ́ tó ti mọ gbogbo ìdáhùn tán. Kí ilé ìwé yìí dára ju bí mo ṣe fi í sílẹ̀ lọ. Ẹ ṣé o, ẹ ṣé gan-an ni. Ẹ wò ó, ọmọ mi ti dìde lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Ẹ dákẹ́, ẹ jẹ́ ká gbọ́ ohun tó fẹ́ sọ.