Àgbo Tí Ìyá Ọkọ Mi Ń Mu

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ gbọ́ mi, torí ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe èyí tí mo lè sọ létí ọ̀rẹ́. Ọtí ni ìyá ọkọ mi ń mu lójoojúmọ́, èmi ni mo ń gbé e fún wọn, wọn ò sì mọ̀ pé ọtí ni. Màmá tó jẹ́ pé tí wọ́n bá rí ìgò bíà lẹ́bàá títì, wọ́n á sọdá sí òdìkejì! Ọtí ló pa ọkọ wọn. Ògógóró ni bàbá náà ń mu títí ẹ̀dọ̀ rẹ̀ fi bàjẹ́, Màmá ló sì dá tọ́ àwọn ọmọ ní Iléṣà, tí wọ́n ń kìlọ̀ fún wọn láàárọ̀ lálẹ́ pé ọtí ò gbọdọ̀ kan ẹnu wọn. Ọkọ mi ni àbígbẹ̀yìn. Wọ́n ti yàn án báyìí pé kó wá di díákónì ní ìjọ Onítẹ̀bọmi wa ní Baṣọ̀run.

Iṣẹ́ mi ló dá gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Ìmọ̀ nípa oúnjẹ ni mo kà ní yunifásítì, mo wáṣẹ́ títí, kò sí. Ìgbà tó yá ni ọ̀gá kan tó ń pọn bíà nínú ilé kékeré kan ní Bódìjà gbà mí pé kí n máa tọ́ ọ wò fún òun. Nílé, mo ní ilé iṣẹ́ ohun mímu ni mo wà, gbogbo wọn sì rò pé omi ọsàn là ń ṣe. Mi ò kúkú gbé e mì. Màá fi omi ṣan ẹnu, màá bu díẹ̀, màá yí i ká ẹnu, màá sì tu ú dànù. Mo máa ń sọ fún ara mi pé ẹni tó tu ọtí dànù ò tíì mu ọtí.

Bíà kan wá wà tí ọ̀gá fọkàn sí gan-an. Ó dúdú bíi kọfí. Òdòdó kíkorò kan láti òkè òkun, tí wọ́n ń pè ní họ́ọ̀pù, ló kún inú ẹ̀, wọ́n sì rẹ ẹ́ sórí pákó igi óákù tí wọ́n ti yan lórí iná, ó pẹ́ níbẹ̀ kí wọ́n tó sẹ́ ẹ. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo tọ́ ọ wò, ìkorò ló kọ́kọ́ gbá mi lẹ́nu, lẹ́yìn náà ni adùn kan yọ́ wọlé bíi ti ṣúgà tó jóná nídìí ìkòkò, èéfín igi wá kẹ́yìn. Ká má parọ́, ó dùn mọ́ mi. Ọ̀gá ní kí n gbé díẹ̀ lọ sílé, kí n tọ́ ọ wò láàárọ̀ kí n tó jẹun, torí ìgbà yẹn ni ahọ́n mọ́ jù. Mo rọ ọ́ sínú ike omi, mo tì í sẹ́yìn nínú fíríìjì. Mo gbàgbé pé ibẹ̀ gan-an ni Màmá, tí wọ́n ti wá ń gbé lọ́dọ̀ wa nítorí orúnkún tó ń dùn wọ́n, ń gbé àgbo wọn sí.

Kí n tó jáde láti balùwẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kejì, Màmá ti mu ún dé ìdajì. Ìfófòó rẹ̀ ti rọlẹ̀, kò sì rùn bí ògógóró rárá.

"Ìyá Ìbùkún, àgbo wo lèyí?"

Ọkọ mi jókòó síbẹ̀, ó ń wo ẹnu mi. Mo ní, "Àgbo ara ríro ni, Mà."

"Epo igi wo ni wọ́n fi sí i?"

"Igi óákù, Mà."

"Óákù inú Bíbélì! Abájọ tó fi wọ̀ mí lára."

Lọ́jọ́ yẹn, Màmá sun irú oorun tí wọn ò tíì sùn látìgbà tí wọ́n ti dé ọ̀dọ̀ wa.

Ife kan láàárọ̀ ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀, èmi náà sì ń rọ ọ́ wá láti ibi iṣẹ́. Nígbà tó yá, wọ́n ń bèèrè ti ọ̀sán, wọ́n ń bèèrè tìrọ̀lẹ́. Mo gbé e pamọ́ rí. Ara wọn ò lélẹ̀, wọ́n ń kanra mọ́ ọmọ, wọn ò jẹun. Ẹ̀rù bà mí. Mo sáré lọ ra àgbo gidi ní Agbowó, mo rọ ọ́ sínú ike kan náà. Màmá tọ́ ọ wò báyìí, wọ́n gbé e kalẹ̀. "Èyí kọ́. Wọ́n ti rẹ́ ọ jẹ, ọmọ mi." Èmi tí wọ́n ń sanwó ahọ́n fún, ṣé mo tún lè tan ahọ́n yẹn jẹ? Tí mo bá jẹ́wọ́, mo ti fi ohun tó pa ọkọ wọn sí wọn lẹ́nu nìyẹn, ipò díákónì ọkọ mi á bá a lọ, bóyá ilé mi náà. Tí mo bá dákẹ́, ọwọ́ ara mi ni mo fi ń sọ ìyá àgbà di ọ̀mùtí. Adìẹ bà lókùn, ara ò rọ okùn, ara ò rọ adìẹ.

Sunday tó kọjá, a dìde ka májẹ̀mú ìjọ bí a ṣe máa ń ṣe kí a tó jẹ Oúnjẹ Olúwa. Nígbà tí a dé ibi tí a ti ń ṣèlérí pé a ó yàgò fún ọtí, ohùn Màmá ló ròkè jù. Bí a ṣe jókòó, wọ́n fẹnu sí mi létí pé lọ́jọ́ tí ìjọ bá fi ọkọ mi jẹ díákónì, àwọn á jẹ́rìí àgbo náà níwájú ìjọ, àwọn á sì gbé ike kan fún ìyàwó pásítọ̀, torí òun náà kì í rí oorun sùn. Wọ́n ní kí n tètè wá a sílẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ ti bá ìyá ọkọ gbé rí, ọ̀nà wo ni kí n gbà? Ẹnu wo ni kí n fi sọ ọ́? Ẹ má jẹ́ kó pẹ́ kí ẹ tó fún mi lésì. Màmá ti ṣí fíríìjì báyìí, wọ́n ti rí i pé ike ti ṣófo, wọ́n sì ń pè mí.