Aṣọ Bàbá Kérésì

Àárín akọ̀wé méjì ni mo há sí nínú lọ́rì tó ń ti Ìgèdè bọ̀ wá sí Adó. Bí etí mi bá gbọ́ ohun tí wọn kò fi rán an, pákó tí a jókòó lé ni kí ẹ bá wí.

"Ìrẹsì ọdún ọ́fíìsì ti délẹ̀, giramafóònù ti délẹ̀," ni èyí àgbà wí. "Àbúrò, ìwọ ni o máa wọ aṣọ Bàbá Kérésì."

"Èmi kọ́, ẹ̀gbọ́n."

"Ikùn rẹ ti tó o. A ò tún ní ki àkísà sí i."

Àbúrò kò rẹ́rìn-ín. "Ọ̀rẹ́ wa tó kú ló máa ń wọ̀ ọ́. Ẹ rántí ọmọ rẹ̀ obìnrin? Bí bàbá rẹ̀ bá ti fi irùngbọ̀n òwú yọ lẹ́nu ọ̀nà báyìí, ọmọ á pariwo, 'Bàbá mi nìyẹn!'"

"A sì máa ń rẹ́rìn-ín."

"Ọmọ náà ń bọ̀ lọ́dún yìí. Ìrìn àjò ni wọ́n sọ fún un pé bàbá rẹ̀ lọ. Bó bá pariwo bẹ́ẹ̀ sí mi, ẹ̀gbọ́n, kí ni kí n dá a lóhùn?"

Èmi tí mo ti ń fojú wọn ikùn náà, ìta ni mo yíjú sí.