Pọ̀nmọ́ Inú Ìkòkò Gopal

Ẹ̀yin ará ìjọ wa ní Sharjah, ẹ dá àdúrà ìwòsàn yẹn dúró ná. Dókítà ní ẹ̀dọ̀ mi ti kọjá àtúnṣe, n kò sì fẹ́ gbé ọ̀rọ̀ yìí wọ sàréè. Èmi Ọláyọdé tí ẹ ń pè ní ẹni Ọlọ́run, èmi ni mo ba ayé Gopal jẹ́.

Ilé oúnjẹ kan ní Dubai Marina la ti jọ ṣiṣẹ́. Èmi ń fọ ìkòkò, Gopal ará India ń dáná. Ẹran kì í wọ ibẹ̀ rárá. Ọ̀gá wa, ará India bíi tirẹ̀, ní Brahmin nìkan, ìran àlùfáà wọn, ló lè se oúnjẹ òun. Nígbà tí ibà dá mi dùbúlẹ̀ nínú bedspace wa, yàrá àjùmọ̀gbé wa ní Al Qasimia ní Sharjah níbí, Gopal ló ń fi ṣíbí bọ́ mi. Ibẹ̀ ló ti sọ àṣírí rẹ̀ fún mi.

"Bhai, àbúrò mi, wọn ò bí mi ní Brahmin. Iṣẹ́ awọ ni bàbá mi ń ṣe, iṣẹ́ tí wọ́n kà sí ohun àìmọ́ lọ́dọ̀ wa. Irọ́ kan ṣoṣo tí mo pa nìyẹn, torí ọmọ mi. Àmọ́ mi ò jẹ ẹran rí, mi ò ṣe èèyàn níbi. Kí ló tún kù?"

Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ọ̀rọ̀ yìí ò ní jáde lẹ́nu mi." Ẹnu mi náà nìyí!

Ẹnìkan gbé pọ̀nmọ́ dé láti Èkó. Àwọn ará yàrá wa kò fẹ́ òórùn rẹ̀, ọ̀fun sì ń dá mi tólótóló. Mo tan ara mi jẹ pé awọ lásán ni, pọ̀nmọ́ kì í ṣe ẹran. Mo sè é nínú ìkòkò Gopal níbi iṣẹ́ ní kùtùkùtù. Gopal wọlé bá mi, ó mirí, ó sì bọ́ sídìí iṣẹ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀gá bá èérún kan nídìí ìkòkò.

"Yalla, ó yá, ta ló ṣe èyí? Màá cancel visa ẹ̀ lónìí!"

Gopal wò mí. Ó ń retí kí n sọ̀rọ̀, mo sì sọ̀rọ̀ lóòótọ́. "Ọ̀gá, Gopal ni. Kì í tiẹ̀ ṣe Brahmin. Oníṣẹ́ awọ ni bàbá ẹ̀."

"Ṣé òótọ́ ni?"

"Òótọ́ ni ti bàbá mi," ni Gopal wí. Kò dárúkọ mi. Ó bọ́ épírọ́ọ̀nù rẹ̀, ó ká a dáadáa. Wọ́n dá a padà sílé lọ́sẹ̀ náà.

Lọ́dún tó kọjá, mo wá nọ́ńbà rẹ̀ kàn. Ọmọ rẹ̀ obìnrin ló gbé e. Ó ní bàbá òun ti kú, kò sí ilé ìdáná tó gbà á mọ́ títí ó fi kú. Ó béèrè ẹni tí mo jẹ́. Mo ní ọ̀rẹ́ rẹ̀ ni mí. Ọmọ náà bú sẹ́kún, ó ń dúpẹ́ lọ́wọ́ mi.

Ẹni tí ì bá forí jì mí ti lọ, n kò tan ara mi jẹ. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ wò mí dáadáa. Nọ́ńbà ọmọ náà nìyí lábẹ́ ìrọ̀rí mi. Mo ti pè é lẹ́ẹ̀mẹ́ta láti jẹ́wọ́, ẹ̀ẹ̀mẹ́ta náà ló sì ń gbàdúrà fún mi kí n tó la ẹnu.