Ojú Ewé Tí Kò Sí Nínú Ìwé

Ó ti rẹ̀ mí. Mo fẹ́ kí ẹ kọ́kọ́ mọ bẹ́ẹ̀, kí ẹ má baà rò pé ìgboyà ló sún mi kọ ohun tí mo ń kọ yìí. N kò nígboyà rí. Ẹsẹ̀ mi méjèèjì ti wú, èémí mi kò délẹ̀ mọ́, dókítà sì ti bá ọmọ àbúrò mi sọ̀rọ̀ lẹ́yìn ilẹ̀kùn, ó rò pé n kò gbọ́. Ọdún kẹfà rèé tí mo ti ń gbé ọ̀rọ̀ yìí kiri. Bí mo bá kú láìsọ ọ́, ẹlòmíì ni yóò máa ru ẹ̀bi mi lọ, n kò sì fẹ́ bẹ́ẹ̀ mọ́. Nítorí náà, ẹ̀yin obìnrin ilé wa ní Òkèrèwè, ẹ̀yin tí a jọ máa ń jókòó ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ níbi tí ẹ ti ń bó ẹ̀gúsí, ẹ gbọ́ mi. Orí Sẹ̀gilọlá kò dàrú. Kò gbéraga sí ọkọ rẹ̀. Èmi Mojíre, tí ẹ ń pè ní Ìyá Tíṣà, ni mo ba ilé rẹ̀ jẹ́.

Ọdún kẹta lẹ́yìn òmìnira ló bẹ̀rẹ̀. Ọkọ mi ti kú, n kò bímọ, kíláàsì kẹta ni mo ń kọ́ ní ilé ìwé ìjọ kan. Bí mo bá ti ilé ìwé dé, tí mo jẹun tán, màá gbé bẹ́ǹṣì mi sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ẹ̀yin náà á gbé atẹ ẹ̀gúsí yín jáde, màá sì máa kàwé sókè títí wọ́n á fi pe ìrun alásàrí. Ìtàn ogun àtijọ́ la kọ́kọ́ kà. Ìyá Sàúdátù, tó dàgbà jù nínú yín, kò jẹ́ kí n rímú mí, ó ní bàbá bàbá òun wà nínú ogun ọ̀hún, kí ló dé tí ẹni tó kọ̀wé kò dárúkọ rẹ̀. Lẹ́yìn náà la ka ti ọdẹ tó ṣìnà wọ ìlú àwọn iwin, níbi tí wọ́n ti ń ta ohùn èèyàn lọ́jà. Ọ̀pọ̀ nínú yín kò dá nìkan lọ sódò fún ọ̀sẹ̀ méjì. Ẹ máa ń bi mí bóyá ó ṣẹlẹ̀ lóòótọ́. Èmi tí mo mọ̀ pé àròsọ ni, mo máa ń dáhùn pé ṣé ẹnì kan á jókòó tẹ irọ́ síwèé ni? Mo gbádùn kí ẹ máa wò mí bí ẹni tó mọ gbogbo nǹkan.

Ìgbà tó kan ìtàn ìfẹ́ ni mo kọ́kọ́ ṣe é. Ọmọbìnrin kan ń retí àfẹ́sọ́nà rẹ̀ ní ibùdókọ̀ ojú irin, ibà sì mú un. Gbogbo yín ń sunkún, omi ojú ń kán sínú ẹ̀gúsí. Ìyá Sàúdátù ní tí ọmọ yẹn bá kú, òun kò ní wá lọ́la. Mo wo ojú ewé tó kù, mo rí i pé ó kú. Mo la ẹnu, mo ní ibà náà lọ láàárọ̀ ọjọ́ kẹta, ọkùnrin náà sì sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ ojú irin tòun tẹ̀rín. Ẹ pàtẹ́wọ́, ẹ ṣàdúrà fún ẹni tó kọ̀wé. Kò sẹ́ni tó mọ̀. N kò kà á sí ẹ̀ṣẹ̀ nígbà náà, mo ní àánú yín ló ṣe mí. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ yẹn ni mo ti mọ̀ pé ohunkóhun tó bá ti ẹnu mi jáde nígbà tí ìwé bá wà lọ́wọ́ mi, ẹ ó gbà á gbọ́.

Sẹ̀gilọlá ló kéré jù nínú yín. Ìyàwó Bàṣírù ni, télọ̀ kan láti ìdílé ará Ìwó tó wà lẹ́yìn ilé wa. Ọdún kan lẹ́yìn ìgbéyàwó wọn ni Bàṣírù lọ wáṣẹ́ sí Kùmásí ní Gánà, ó sì fi ìyàwó sílẹ̀ sáàárín àwọn èèyàn rẹ̀. Ẹ̀yin yòókù ń wá torí ìtàkurọ̀sọ. Sẹ̀gilọlá ń wá torí ìtàn. Bí mo bá ń kà, ọwọ́ rẹ̀ á dúró, ẹnu rẹ̀ á yà díẹ̀. Ó máa ń pàdé mi lọ́nà ilé ìwé láàárọ̀, kó bi mí pé kí ni ìyàwó ọdẹ yẹn ń jẹ ní gbogbo ìgbà tí ọkọ rẹ̀ fi wà lọ́dọ̀ àwọn iwin. Kò sẹ́ni tó bi mí ní irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ rí ní gbogbo ọdún tí mo fi ṣe tíṣà. Mo fẹ́ràn rẹ̀ bí ọmọ tí n kò bí. Nígbà tó yá, òun nìkan ni mo ń kàwé fún, ẹ̀yin kàn wà níbẹ̀ ni. Ẹ má bínú.

Lẹ́yìn Iléyá ọdún náà, lẹ́tà Bàṣírù dé. Èmi náà ni mo ń ka lẹ́tà fún gbogbo ilé, mo sì kà á fún un bó ṣe wà. Ó ní òun ti rí yàrá méjì gbà, iṣẹ́ ń lọ dáadáa, ẹ̀gbọ́n òun Bùsàrí yóò mú un wọ lọ́rì wá bá òun lóṣù tó ń bọ̀. Sẹ̀gilọlá gba lẹ́tà náà lọ́wọ́ mi, ó dì í mọ́ àyà. Ó ní kí n bá òun dúpẹ́. Mo bá a dúpẹ́. Mo wọlé, mo jókòó sórí ibùsùn, mo sì ń wo bí ìrọ̀lẹ́ mi yóò ṣe máa rí láti oṣù tó ń bọ̀ títí tí màá fi kú. Mo dàgbà tó láti mọ̀ pé ohun tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í rò kò dáa, síbẹ̀ mo rò ó.

Ìwé tí a ń kà lásìkò náà jẹ́ ìtàn ìdílé kan, ti ìyàwó tí ọkọ rẹ̀ rìnrìn-àjò, tí àwọn ẹbí ọkọ sì ń fòòró ẹ̀mí rẹ̀. Nínú ìwé gan-an, èèyàn dáadáa ni ọkọ yìí. Iṣẹ́ ló ń ṣe lọ́hùn-ún, ó sì wálé níkẹyìn wá gbèjà ìyàwó rẹ̀. Lọ́jọ́ kejì tí lẹ́tà dé, mo ṣí ìwé náà, mo bẹ̀rẹ̀ sí í ka ohun tí kò sí níbẹ̀. Mo ní ọkọ ti ní obìnrin kan àti ọmọ méjì lọ́hùn-ún. Mo ní ó ránṣẹ́ pe ìyàwó ilé nítorí pé obìnrin ọ̀hún ń wá ẹni tí yóò máa fọṣọ ọmọ. Mo ní ìyàwó náà gbẹ́rù dé ẹnu ọ̀nà, wọ́n sì tẹ́ ẹní fún un nínú ilé ìdáná. Ọjọ́ márùn-ún ni mo fi kà á, mo ń ṣí ojú ewé bó ṣe yẹ kí n ṣí i. Lọ́jọ́ karùn-ún mo pa ìwé dé, mo ní ibẹ̀ ló parí sí. Ìyá Sàúdátù ń ṣépè fún ọkọ náà. Sẹ̀gilọlá gbé atẹ rẹ̀ sílẹ̀, ó ní, "Ìyá Tíṣà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún ibi ilé ìdáná yẹn kà fún mi." N kò rántí ọ̀rọ̀ tí mo lò. Mo ní ojú ń dùn mí, ó di ọ̀la. Mo wọlé, mo kọ ọ́ sínú bébà, mo fi bébà náà sáàárín ìwé, mo sì kà á fún un lọ́jọ́ kejì láìtàsé. Ìgbà yẹn ni mo mọ̀ pé kì í ṣe eré mọ́.

Sẹ̀gilọlá ní òun kò lọ. Bùsàrí wá, lọ́rì ti dúró ní Mọ́dákẹ́kẹ́, ó bẹ̀ ẹ́ títí ó fi bínú. Ìyá Sẹ̀gilọlá wá láti Ẹdẹ, ó kúnlẹ̀ fún ọmọ tó bí. Ọmọ náà kàn ń sọ pé òun mọ ohun tí òun mọ̀. Wọ́n wá bá mi, wọ́n ní èmi ni mo lè bá a sọ̀rọ̀, torí pé ó ń gbọ́ tèmi. Mo pè é wọ yàrá, mo sọ fún un pé kó ṣe ohun tí ọkàn rẹ̀ bá sọ. Ẹ wo irú èèyàn tí mo jẹ́. Bàṣírù kọ lẹ́tà mẹ́ta léra wọn, ó ń bi í pé kí ni òun ṣe. Sẹ̀gilọlá ní kí n bá òun kọ èsì. Ó ní kí n kọ ọ́ pé, "Mo ti mọ ìdí tí o fi ń pè mí. Wá ẹlòmíì tí yóò máa bá ọ fọṣọ ọmọ rẹ." Mo kọ ọ́ bó ṣe wí, mo lẹ ẹ́ńfílóòpù pa, èmi fúnra mi ni mo gbé e lọ sí ilé ìfìwéránṣẹ́. Lẹ́yìn ọdún méjì, a gbọ́ pé Bàṣírù ti gbéyàwó lọ́hùn-ún. Sẹ̀gilọlá sọ fún yín pé ṣé ẹ rí i báyìí. Ó ṣì ń jókòó níwájú mi nírọ̀lẹ́, ohun tí mo fẹ́ náà nìyẹn, àmọ́ n kò gbádùn rẹ̀ lọ́jọ́ kan.

Nígbà tí wọ́n dá kíláàsì àwọn àgbà sílẹ̀ ládùúgbò, Sẹ̀gilọlá lọ forúkọ sílẹ̀. Mo bi í léèrè ìdí. Ó ní òun fẹ́ fi ojú ara òun ka ìwé tó gba òun lọ́wọ́ ìyà. Ó fi ọdún kan àti ààbọ̀ kọ́ ọ. Láàárọ̀ ọjọ́ Sátidé kan, ó wá yá ìwé náà lọ́wọ́ mi. Mo ní kó padà wá lọ́sàn-án, kí n lè wá a. Orí tábìlì ni ìwé wà. Mo ti ilẹ̀kùn, mo fa ogún ojú ewé ya láàárín rẹ̀, mo sì fi wọ́n koná lábẹ́ ìkòkò ọbẹ̀. Èyí ló burú jù nínú gbogbo ohun tí mo ṣe, nítorí pé ọjọ́ yẹn gan-an ni mo lè sọ̀rọ̀. Òun fúnra rẹ̀ ti gbé ọ̀rọ̀ wá sílé mi, n kò níṣẹ́ méjì ju kí n la ẹnu lọ. Dípò bẹ́ẹ̀, mo gbé ìwé tó ya fún un, mo ní ikán ló jẹ ẹ́.

Ó dá a padà lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ó jókòó sílẹ̀ lẹ́bàá ẹsẹ̀ mi. Ó ní ohun kan kò yé òun, torí pé ọkọ yẹn wálé níkẹyìn, ìyàwó sì ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run pé irú ọkọ bẹ́ẹ̀ ni òun ní. Mo ní ó ronú pìwà dà ni, pé níbi tí ikán jẹ ló wà.

"Ṣebí ẹ ní ilé ìdáná ni ìwé parí sí."

Mo ní mo gé e kúrú ni, nítorí ojú tó ń dùn mí.

Ó gbé ìwé náà lé mi lórí itan. "Ká ní ẹ kà á dé ibẹ̀ ni, ǹ bá lọ."

Kò bínú. Kò tiẹ̀ gbé ojú sókè wò mí. Ó dìde, ó bá mi ká aṣọ tí mo sá, ó sì lọ sílé.

Lóṣù tó kọjá, ìjọba Gánà ní kí àwọn àlejò tí kò ní ìwé ìgbélùú jáde láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Bàṣírù wà lára wọn. Ó dé pẹ̀lú ìyàwó, ọmọ mẹ́ta àti ẹ̀rọ ìránṣọ kan. Nígbà tí gbogbo ilé péjọ láti kí i, ó bi Sẹ̀gilọlá, jẹ́jẹ́, níwájú gbogbo yín, pé kí ni òun fi ṣẹ̀ ẹ́. Ó ní òun nìkan ló ń gbé nínú yàrá méjèèjì fún ọdún méjì lẹ́yìn èsì tó kọ, kí òun tó gbéyàwó. Sẹ̀gilọlá ní òun gbọ́ ọ nínú ìwé. Ẹ rẹ́rìn-ín. Láti ọjọ́ náà ni àwọn ọmọdé ti ń pè é ní Ìyàwó Ìwé, tí ẹ̀yin àgbà sì ń sọ pé orí rẹ̀ dàrú. Mo wà lórí ibùsùn, ẹ̀rín yín ń gba ojú fèrèsé wọlé bá mi, n kò sì sọ nǹkan kan.

Síbẹ̀, ó ń wá sọ́dọ̀ mi nírọ̀lẹ́. Á fi omi gbígbóná fọ ẹsẹ̀ mi tó wú, lẹ́yìn náà á kàwé fún mi. Ó máa ń lọ́ra. Bó bá ṣi ọ̀rọ̀ kan kà, á padà sẹ́yìn, á tún un kà, ó ní kò dáa kí òun fi tòun rọ́pò ohun tí ẹni ẹlẹ́ni kọ. Màá kọjú sí ògiri. Ohun tó jẹ́ kí n mú bírò nìyẹn, kì í ṣe ikú. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ mọ̀wé, bí ẹ bá ń kàwé fún ẹni tí kò mọ̀ ọ́n kà, ohun tó wà níbẹ̀ ni kí ẹ kà, kódà bí ẹni náà bá ń sunkún, kódà bí ẹ bá fẹ́ràn rẹ̀.

Mo ti ní kí wọ́n pe gbogbo yín jọ sínú yàrá mi, màá sì gbé ìwé tí mo kọ yìí lé Sẹ̀gilọlá lọ́wọ́ pé kó kà á fún yín. Sẹ̀gilọlá, ìwọ lo ń kà á yìí. Mo mọ̀ pé láti òkè ojú ewé kìíní, o kò fo ọ̀rọ̀ kankan. Dárí jì mí bí o bá lè ṣe é. Bí o kò bá lè ṣe é, n kò ní bi ọ́ léèrè. Ohun tí mo fẹ́ ni kí wọ́n gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ, kí ẹnikẹ́ni má fi ọ́ rẹ́rìn-ín mọ́. Mo ní kí wọ́n pe Bàṣírù náà. Ó yẹ kó wà lẹ́bàá ilẹ̀kùn. Kò ṣẹ̀ ọ́, o gbọ́, kò ṣẹ̀ ọ́ rárá. Mo bẹ̀ ọ́, gbé ìwé yìí sílẹ̀ báyìí, kí o sì kọ́kọ́ bá òun sọ̀rọ̀ kí o tó yíjú sí mi.