Ìwé Ebiere Tí Mo Fún Òkú

Ẹ̀yin tí ẹ ti ń ka ohun tí mo ń kọ sínú ìwé ìròyìn Ojú Ọ̀sẹ̀ láti ọdún 1986, ẹ jókòó dáadáa, torí òtítọ́ tí mo ti ń tẹ̀ mọ́lẹ̀ fún ọdún mẹ́wàá fẹ́ jáde lónìí. Èmi Mansur Láwàlì, ẹni ọdún mọ́kànléláàádọ́rin, kíndìnrín mi ti ń ṣíwọ́ iṣẹ́, dókítà ò sì fi ọ̀rọ̀ pamọ́ fún mi mọ́. N kò fẹ́ gbé irọ́ yìí wọ sàréè. Bí ẹ bá kà á tán tí ẹ tutọ́ sílẹ̀, mi ò ní bá yín jà. Ọ̀rọ̀ ara mi ti ń rí èmi náà lára.

Akọ̀wé tó ń ka ẹrù ọkọ̀ ojú omi ni mí ní èbúté Àpápá. Nígbà tí mo fẹ̀yìntì, ilé sú mi, mo sì sú ìyàwó mi. Ó ní kí n wá nǹkan fi ọwọ́ ṣe, kí n yéé tọ òun lẹ́yìn lọ sílé ìdáná. Ni mo bá kọ̀wé sí Ojú Ọ̀sẹ̀ pé mo lè máa bá wọn yẹ ìwé Yorùbá tuntun wò. Wọ́n fún mi ní igun kan lójú ewé keje, èmi fúnra mi ni mo sì sọ ọ́ ní “Mo Ti Kà Á.” Ọdún àkọ́kọ́ nìkan ni mo kàwé délẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, ọ̀lẹ dé. Màá ka ọ̀rọ̀ àkọ́sọ, màá ka ẹ̀yìn ìwé, màá wá àṣìṣe ìtẹ̀wé mẹ́ta mẹ́nu bà. Òǹkàwé tó bá rí i pé mo mọ ibi tí àmì ohùn kan ti ṣìnà lójú ewé kọkànlélógún, á gbà pé mo ka gbogbo rẹ̀. Ní mọ́sálásí, wọ́n ń pè mí ní Ọ̀gá Ìwé, èmi náà ń fẹ̀. Àgbàyà ni mí, ẹ má fi orúkọ mìíràn pè é.

Lọ́dún 1989, ìtàn àròsọ kan dé láti Ajégúnlẹ̀. Ebiere ló kọ ọ́, olùkọ́ ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan. Linus tó ní ilé ìtẹ̀wé kékeré ní Boundary, ní Ajégúnlẹ̀ níbẹ̀, ló tẹ̀ ẹ́. Mo rí orúkọ òǹkọ̀wé, mo bú sẹ́rìn-ín. Mo sọ fún ìyàwó mi pé, “Ọmọ Ìjọ̀! Ọmọ apẹja ni yóò wá kọ́ wa ní Yorùbá?” Ẹ̀gbin tó ti ẹnu mi jáde nìyẹn. N kò bi ara mi pé níbo ni wọ́n bí i sí. Boundary ni wọ́n bí i sí, àárín ọmọ Ìlọrin àti ọmọ Ọ̀yọ́ ló dàgbà sí. Ọ̀rọ̀ àkọ́sọ sọ pé Yorùbá rẹ̀ jinlẹ̀, ni mo bá kọ ọ́ sí igun mi pé ó jinlẹ̀ ju ẹni tó pè é ní tirẹ̀ lọ, pé ọmọ Yorùbá kan ló bá a kọ ọ́.

Kò pé ọ̀sẹ̀ kan tí Ebiere àti Linus fi dé ilé mi. Ọmọbìnrin náà kúnlẹ̀ kí mi. “Ẹ jọ̀ọ́, bàbá, ta ni ẹ ní ó bá mi kọ ọ́? Ilé ẹ̀kọ́ mẹ́rin ló ti ní àwọn fẹ́ fi ìwé náà kọ́ àwọn ọmọ. Gbogbo wọn ti ránṣẹ́ pé kí n ṣì dúró ná. Hẹ́dímásítà wa ò tiẹ̀ wojú mi mọ́.” Kí n tó dáhùn, Linus ti mú ìwé náà lórí tábìlì mi. Ó ṣí i wò, ó pariwo: “Baba, abeg, which page you read? My cutting machine spoil that week. This one wey dey your hand, I no cut am at all. See, the pages still join!” Òótọ́ ni. Ewé mẹ́jọ mẹ́jọ ṣì so pọ̀ lókè bí wọ́n ṣe ká wọn. Ẹni tó bá fẹ́ kà á, àfi kó fi abẹ là á. Abẹ kankan ò kan ìwé náà.

Ojú tì mí fún ìṣẹ́jú kan. Inú ló wá bí mi. Mo ní kí wọ́n jáde nílé mi, pé ta ni wọ́n ń fi ìwé nà lójú? Ebiere ò bínú. “Bàbá, ẹ kàn bá mi kà á ni. Tí ẹ bá kà á tán tí ẹ ní kò dáa, màá gbà.” Ohun tó bẹ̀ mí ò jù bẹ́ẹ̀ lọ. N kò kà á.

Ó kọ̀wé sí Ojú Ọ̀sẹ̀. Olóòtú pè mí: “Bàbá Láwàlì, ẹ dárúkọ ẹni tó kọ ọ́, àbí ká tọrọ àforíjì lójú ewé yín.” Èmi, Ọ̀gá Ìwé, kí n tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ọmọ Ajégúnlẹ̀? Mo ní ọ̀rẹ́ kan tó ń jẹ́ Àjàmú, a jọ ka ẹrù ní èbúté fún ogún ọdún. Ó ti kú lọ́dún tó ṣáájú. Mo kọ ọ́ pé Àjàmú fi ẹnu ara rẹ̀ sọ fún mi kó tó kú pé òun ló kọ ìwé náà fún ọmọbìnrin yẹn. Òkú ni mo yàn, torí òkú ò ní bá mi jiyàn. Ta ni yóò sì pe òkú ní òpùrọ́ láwùjọ wa? Ilé ẹ̀kọ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yọwọ́. Ilé ẹ̀kọ́ tí Ebiere ti ń ṣiṣẹ́ ní ẹni tó jí ìwé òkú ò lè kọ́ ọmọ, wọ́n lé e lẹ́nu iṣẹ́. Mo gbọ́ pé ó ń ta ọ́ìlì fún àwọn onítírélà ní ibùdókọ̀ Coconut. Mo gbọ́ ọ, mo sì jẹun alẹ́ mi.

Ẹ rò pé ìyẹn ló burú jù? Lọ́dún tó kọjá, Tinú, ọmọ Àjàmú tó ń gbé ní Àpápá GRA, wá bá mi. “Dádì Láwàlì, a fẹ́ ṣe ìrántí ọdún mẹ́wàá Dádì wa. A ti tún ìwé wọn tẹ̀, orúkọ wọn ló wà níwájú báyìí. Ẹ̀yin lẹ máa yẹ̀ ẹ́ wò fún wa lójú gbogbo èèyàn.” Ayọ̀ kún ojú rẹ̀. Mo lè jẹ́wọ́ lọ́jọ́ náà. Dípò bẹ́ẹ̀, mo gba ìwé, mo sì kà á fún ìgbà àkọ́kọ́. Ọjọ́ méjì ni mo fi kà á. Nínú rẹ̀, ìyá kan ń wá ọmọ rẹ̀ tó sọnù, ọmọ náà sì ń gbé ní ojúlé kejì sí i. Mo sunkún. Nínú gbogbo ìwé tí mo parọ́ pé mo kà, n kò rí irú rẹ̀ rí.

Ọjọ́ ìrántí pé. Mo dìde nínú gbọ̀ngàn, mo gbé ohùn sókè: “Ọmọ Yorùbá tòótọ́ nìkan ló lè kọ irú èyí!” Ẹnu ọ̀nà ni mo ti rí Ebiere, ó dúró, ọ́ìlì wà lára ìró rẹ̀. Ojú wa ṣe mẹ́rin. Mo ṣí ibi tí ìyá ti gbọ́ ohùn ọmọ rẹ̀ lẹ́yìn ògiri, mo ń kà á sókè, mo sì rí i tí ètè Ebiere ń bá mi kà á, láìwo ìwé, ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan. Èmi nìkan ló rí i. Mo kà á dópin. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún Àjàmú.

Lóṣù tó kọjá mo lọ sí Coconut. Ó gbé àpótí fún mi jókòó, n kò yẹ fún un. Mo bẹ̀ ẹ́. Ó ní, “Bàbá, èmi kọ́ lẹ parọ́ fún. Èmi mọ̀ pé èmi ni mo kọ ọ́. Ẹ lọ sọ fún àwọn tí ẹ parọ́ fún.” Mo bi í pé ṣé ó ṣì ń kọ̀wé. Ó ní, “Fún ta ni?”

Ìdí tí mo fi ń kọ èyí nìyí, níbi tí mo ti kọ irọ́. Tinú, dárí jì mí, bàbá rẹ ò kọ ìwé kankan. Ẹ̀yin ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́, ẹ ránṣẹ́ pe olùkọ́ yín padà. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ má fi orúkọ èèyàn dá ẹjọ́ iṣẹ́ rẹ̀. Ebiere, n kò lójú tí mo fi lè ní kí o dárí jì mí, mo kàn ń bẹ̀ ọ́ ni. Ẹni tó bá ní ìwé náà nílé, kó mú bírò nísinsìnyí, kó pa orúkọ Àjàmú rẹ́, kó kọ Ebiere sí i, kó tó ka ohunkóhun mìíràn.