Abẹ Tó Ń Tú Aṣọ Munawwarah

"Ẹ pa orin yẹn! Bí n kò bá sọ òótọ́ yìí lónìí, mi ò ní lè mí mọ́!"

Lábíkẹ́ aránṣọ ló pariwo bẹ́ẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní Igbóna, Òṣogbo, níbi fíríìdọ̀mù tí Munawwarah, ọmọ iṣẹ́ rẹ̀, fi parí ẹ̀kọ́ṣẹ́. Bàbá ọmọ náà, àgbẹ̀ kòkó, ti abúlé wọn lẹ́bàá Iléṣà wá. Àwọn ọ̀gá aránṣọ ẹgbẹ́ wọn ti ṣàdúrà, ó ku kí ọ̀gá fi sísọ́ọ̀sì lé ọmọ lọ́wọ́. Àfi bí Munawwarah ṣe kúnlẹ̀, tí kò na ọwọ́.

"Ọ̀gá mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n ṣì wà lọ́dọ̀ yín. Gbogbo aṣọ tí mo bá rán ló ń tú."

Ọ̀rọ̀ yẹn ló gún Lábíkẹ́ lọ́kàn tó fi ké.

"Aṣọ rẹ kì í tú fúnra rẹ̀! Èmi ìkà yìí ni mò ń tú u! Ẹ gbọ́ o, oníbàárà kan rí kábà tí Munawwarah rán, ó ní ọmọ náà ni kó máa rán aṣọ òun lọ. Ìlara gbé mi wọ̀. Láti ìgbà yẹn, bí mo bá ti rán an lọ ra òwú ní Old Garage, màá mú abẹ, màá tú ìránṣọ rẹ̀. Bó bá dé, màá ní, 'Ṣé o rí ọwọ́ ẹ?' Á sunkún, á tún máa dúpẹ́ pé mo ní sùúrù! Èmi tó yẹ kí n gbà á níyànjú, èmi ni mo já a láyà. Ti Iléyá ló wá burú jù. Ó rán bùbá fún bàbá rẹ̀, mo tú abíyá rẹ̀. Bí bàbá ṣe gbọ́wọ́ sókè láti kírun ní yídì, bùbá náà ya!"

Bàbá fò dìde. "Mo sì fi ọmọ mi ṣe yẹ̀yẹ́!"

Lábíkẹ́ kúnlẹ̀ síwájú ọmọ iṣẹ́ rẹ̀. Irú ẹ̀ ò ṣẹlẹ̀ rí ní Igbóna. "Munawwarah, foríjì mí. Ẹ̀yin ọ̀gá, ẹ má ṣe bíi tèmi."

Gbogbo ojú wà lára ọmọ náà. Ó bú sẹ́rìn-ín tòun ti omijé. "Àṣé mo mọ aṣọ rán! Bàbá mi, mo mọ aṣọ rán!" Ariwo ayọ̀ sọ. Ó gba sísọ́ọ̀sì, ó tún na ọwọ́ kejì.

"Ọ̀gá mi, mo ti foríjì yín. Abẹ yẹn ńkọ́?"

Lábíkẹ́ yọ ọ́ lábẹ́ maṣíìnì, ó gbé e lé e lọ́wọ́.

"Èmi náà máa ní ọmọ iṣẹ́," ni Munawwarah wí. "Bó bá ṣàṣìṣe, màá fi abẹ yìí tú ìránṣọ rẹ̀, ṣùgbọ́n níṣojú ẹ̀ ni."